Àjàní, Fẹ̀sọ̀ Wa Ọkọ̀ Tuntun Yìí

Àjàní ọmọ mi, jókòó tì mí, kó o gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Mo ti rí ọkọ̀ náà, mo ti wọ̀ ọ́, mo sì ti gbàdúrà sí i. Ó wá kan ọ̀rọ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ náà lè korò díẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Kí n tó bá ọ wí, jẹ́ kí n fún ọ ní ẹ̀tọ́ rẹ. Toyota GR86 yẹn rẹwà, orí rẹ bá ọ ṣe é. Màmá rẹ pè mí láti Ìbàdàn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bi í, kí ló fẹ́ fi ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì ṣe?” Mo dá a lóhùn pé ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ọsibítù ní Maryland níbí, tó san gbèsè iléèwé rẹ̀ tán kó tó lọ bá àwọn tó ń ta ọkọ̀, kò jí owó ẹnikẹ́ni. Bí owó tó tó 30,000 dọ́là bá ti ọwọ́ òógùn wá, ẹni tó laágùn ló ni í. Ayọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ti parí nìyẹn.

Àmọ́ kí ni mo ń gbọ́ pé ò ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ Mustang figa gbága níbi iná pópó? Ta ló rán ọ? Wo Camry mi tó wà níta yẹn. Ẹ́ńjìnì V6 ló ní, agbára ẹṣin 301 ló sì wà nínú rẹ̀. Tìrẹ, 228 ni. Toyota fúnra wọn ló sọ pé kí ọkọ̀ rẹ tó ti ìdúró dé 60 máìlì ní wákàtí kan, yóò gba ìṣẹ́jú àáyá 6.1. Bí mo bá tẹná mọ́ Camry ìyá àgbà yìí lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ, ẹ̀yìn mi lo máa wà. Kí lo wá ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá dù?

Ẹ̀bùn ọkọ̀ rẹ wà níbi kọ́nà, Àjàní. Ìwọ lo ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, àfi bíi pé o ti gbàgbé. Pístìnì inú ẹ́ńjìnì Subaru tí wọ́n fi sí i dùbúlẹ̀ ni, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnì náà fi lè jókòó sísàlẹ̀. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe òrùlé rẹ̀ kí orí rẹ̀ má bàa wúwo. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò wọ̀n tó 3,000 pọ́ùn. Ọjọ́ tó o gbé mi lọ sí Skyline Drive ní Virginia, tí ewé ti ń pọ́n lórí òkè, ṣé o rántí ìwọ̀n eré tí wọ́n fi síbẹ̀? 35 máìlì péré ní wákàtí kan. O kò kọjá rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ. Mo jókòó sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé mo lè nawọ́ kan ọ̀dà. Mo ń gbọ́ bí jíà ṣe ń wọlé ṣáká, mo rí bí o ṣe ń yí ọwọ́ ọkọ̀ díẹ̀, tí imú rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú mi dùn sí ọ lọ́jọ́ náà. Awakọ̀ tí mo fẹ́ kó o jẹ́ nìyẹn.

Ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá ńkọ́? Mo bá a nínú àpótí iwájú, o kò tíì ṣí i rárá. Mo kà á fún ọ. Wọ́n ní fún 186 máìlì àkọ́kọ́, kí o má ṣe tẹ bíréèkì lójijì. Wọ́n ní títí yóò fi rìn tó 1,000 máìlì, kí o má ṣe sá eré àsápajúdé, kí o má ṣe tẹná mọ́ ọn lójijì, kí o má ṣe pẹ́ lórí jíà kékeré, kí o má sì fi eré kan ṣoṣo rin ọ̀nà jíjìn. Irin tuntun ni, ọmọ mi. Òrùka ara pístìnì ṣì ń bá ara sílíńdà mọra, bíréèkì pàápàá ṣì ń mọ ojú ara wọn. Ìwọ wá ń gbé abẹ́rẹ́ lọ sí ojú pupa kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọn yóò gbọ́ ọ bó bá yá. Jẹ́ kó gbó díẹ̀ ná.

Ìjókòó ẹ̀yìn yẹn, má tún fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀ mọ́. Ọmọ Bọ̀dá Káyọ̀dé ga ju ìyẹn lọ, ó sì ká orúnkún mọ́ àyà láti Bowie títí dé ibi ìnáwó. Tẹ́ ẹ bá pọ̀, ẹ wọ Camry mi.

Jẹ́ ká sọ ti táyà, torí òun ló ń dẹ́rù bà mí jù. Táyà ìgbà ooru ni Michelin Pilot Sport 4 tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nínú oòrùn, ó ń di ilẹ̀ mú. Bí òtútù Maryland bá ti dé, tí ó ti ń lọ sí ìwọ̀n 40 Fahrenheit, rọ́bà rẹ̀ á le bí awọ gbígbẹ, kò ní lè di ọ̀nà mú mọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ sì ń yí. Bó o bá tẹná ní kọ́nà nígbà tí ilẹ̀ tutù, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ ṣíwájú orí. Ra táyà ìgbà òtútù kí òjò dídì tó bẹ̀rẹ̀. Bí owó kò bá tó, sọ fún mi. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa ohun tó ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yíyọ̀, má fọwọ́ kàn án ní títì ìjọba.

Bó o bá ti gba orí Woodrow Wilson Bridge kọjá sí Virginia, rántí pé òfin ti yí padà. Lọ́hùn-ún, ẹni tó bá sáré kọjá 85 máìlì ní wákàtí kan, tàbí tó fi 20 lé ìwọ̀n tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹjọ́ ọ̀daràn ni wọ́n lè pè é. Ó lè tó ọdún kan lẹ́wọ̀n, kí owó ìtanràn sì tó 2,500 dọ́là. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ ọsibítù rẹ ńkọ́, nígbà tí irú ìwà bẹ́ẹ̀ bá wà lórúkọ rẹ? Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ìwọ náà lo sọ fún mi pé 86 orúkọ rẹ̀ wá láti ara Corolla AE86 tí wọ́n gbé jáde ní 1983, àti pé ìtàn aláwòrán Initial D ti Shuichi Shigeno ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. O ní bàbá ọmọkùnrin inú ìtàn náà ń gbé ife omi sínú ọkọ̀ bí ọmọ náà bá ń lọ já tòfú fún oníbàárà lórí òkè, pé omi kò gbọdọ̀ dànù. Ẹ̀kọ́ ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ni bàbá yẹn ń kọ́ ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà tiwa náà sọ ọ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.

Mi ò ní kó o má sáré láé. Ibi tí wọ́n ti ń sá eré ọkọ̀ wà. Toyota fi jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ fún ọdún kan nínú National Auto Sport Association àti ọjọ́ kan lórí pápá ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó bá ra GR86 tuntun, olùkọ́ á sì jókòó tì ọ́. Owó rẹ wà nínú ẹ̀bùn yẹn, o kò sì tíì gbà á! Pápá Summit Point ní West Virginia kò jìnnà sí wa. Dá ìjókòó ẹ̀yìn yẹn dùbúlẹ̀, táyà mẹ́rin tó o máa lò lórí pápá á wọ ibẹ̀. Lọ kọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń yọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń mú un padà, níbi tí ọmọ ẹlòmíì kò ti ń sọdá.

Nítorí náà, gbé fóònù rẹ báyìí, kó o forúkọ sílẹ̀ lójú mi. Bí ọjọ́ náà bá pé, màá tẹ̀ lé ọ, màá se ìrẹsì ọ̀fàdà dání. Ọkọ̀ ayọ̀ ni, kò ní di ọkọ̀ ẹkún. O ó wà á gbó, o ó wà á tọ́, wàá sì fi ra èyí tó jù ú lọ.