Ewé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Eléwé, irin àlòkù ni mo ń tà ní Owódé Onírin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, páànù gé ọmọṣẹ́ mi lọ́wọ́. Aládùúgbò wa kan já ewé Akíntọ́lá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, ó fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì dá. Ṣé ó ti tó bẹ́ẹ̀? Ibẹ̀ náà ni ìyàwó mi ti ń já dóńgóyárò tó fi ń se àgbo ibà fáwọn ọmọ.
— Onírin, Owódé

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu ọmọṣẹ́ o. Aládùúgbò yín mọ ewé. Ewé Akíntọ́lá máa ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lóòótọ́. Ní Vietnam, wọ́n tilẹ̀ ń fi ṣe ìpara ọgbẹ́. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, kó tó wá gba oko mọ́ àgbẹ̀ wa lọ́wọ́. Ìdí tí wọ́n fi fi orúkọ olóṣèlú pè é, ẹ jẹ́ n má dá sí i.

Àmọ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá nìkan kọ́. Inú iyẹ̀pẹ̀ àti ìdọ̀tí ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé. Tó bá ti ojú ọgbẹ́ wọlé, ó lè tó ọjọ́ 3 sí 21 kí àgbọ̀n tó há, kí gbogbo ara sì gan. Ewé kankan kò dènà ìyẹn, abẹ́rẹ́ ni. Ohun tí a ó fi sójú ọgbẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ mọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, koríko irà kan tó rọ̀ bí òwú làwọn obìnrin Ireland ń ṣà fún ọgbẹ́ àwọn ọmọ ogun. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣa ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á sá a gbẹ, kó tó kan ara ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Kí lẹ ń dà síbẹ̀? Ọ́ìlì dúdú, omi bátìrì, ọ̀dà tó ń ṣí lára irin, eérú wáyà tí wọ́n dáná sun. Òjé wà nínú bátìrì, ó wà nínú ọ̀dà àtijọ́, bó bá sì ti wọ ilẹ̀, kì í jẹrà. Eruku rẹ̀ á bà lé ewé, gbòǹgbò náà á fà nínú rẹ̀. Bí ẹ se àgbo náà láti àárọ̀ dalẹ́, iná kì í pa òjé. Ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bá jà jù. Ní Zamfara lọ́dún 2010, ó pa ọmọ tó lé ní 400 níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà.

Dóńgóyárò kọ́ lẹ̀bi, ilẹ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ ra ewé ní Máìlì 12, ẹ bi ẹni tó ń tà á níbi tó ti já a. Bí ara ọmọ bá sì gbóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ná, torí gbogbo ara gbígbóná kọ́ ni ibà.

Ẹ mú ọmọṣẹ́ yẹn lọ gba abẹ́rẹ́ lónìí, kẹ́ ẹ sì da àgbo tó wà nílé nù.