Ṣé Ìdílé Nìkan Ló Ń Fa Ẹ̀jẹ̀ Ríru?

Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá mú ẹnì kan ní Makutu níbí, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé, "Ó wà nínú ìdílé wọn." Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Nọ́ńbà méjì ni nọ́ọ̀sì máa ń kọ, bíi 120/80. Ti àkọ́kọ́ ni agbára ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀, ìkejì ni ìgbà tí ó bá dẹ̀. Bí àgbàlagbà bá ń ní 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Ó lè ba ọkàn àti kíndìnrín jẹ́, ó sì lè fa àrùn rọpárọsẹ̀.

Ní 1997, àwọn olùwádìí láti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lókè òkun gbé èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n yẹ àwọn ènìyàn tó lé ní 10,000 wò, gbogbo wọn jẹ́ ìran Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn kan ń gbé Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, àwọn kan ń gbé Jàmáíkà àti erékùṣù mìíràn ní Kàríbíánì, àwọn yòókù sì wà nítòsí Chicago. Nínú 100 ènìyàn, 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Áfíríkà, 26 ní Kàríbíánì, 33 ní Amẹ́ríkà.

Ìran kan náà ni, àbí? Kí ló wá fa ìyàtọ̀? Ara sísanra àti iyọ̀ jíjẹ wà lára ohun tí wọ́n rí. Ìdílé ní ipa tiẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun nìkan kọ́.

Màmá àgbà mi pa oògùn rẹ̀ tì. Ó ní, "Orí ò fọ́ mi mọ́, kí ni mo tún ń lò ó fún?" Nígbà tí nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, nọ́ńbà òkè ti dé 180. Ibi tí àrùn yìí ti ń tan èèyàn nìyẹn: kì í sábà dunni. Oògùn ló mú un wálẹ̀. Bí a bá dá a dúró láìbi dókítà, á tún gòkè. Màmá ti padà sórí oògùn báyìí.

Iyán kọ́ lọ̀tá wa o; ẹ wo inú ọbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, bíi ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ inú magí wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: bi gbogbo àgbà ilé yín pé, "Ìgbà wo lẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò kẹ́yìn?" Ẹni tí kò bá rántí, ẹ sìn ín lọ sílé ìwòsàn.