Ẹ̀KỌ́ ÌTỌ́JÚ ILÉ: GÍLÁÀSÌ FÈRÈSÉ TÓ FỌ́

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa, ní Òkè-Ògùn níbí, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, ẹ̀fúùfù tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ kì í ṣeré. A máa gbá fèrèsé mọ́ ògiri, gíláàsì a sì fọ́. Nígbà tí a bá fi páálí dí i, yàrá a ṣókùnkùn, òjò a sì máa rin igi títí yóò fi jẹrà. Fèrèsé ìrókò àtijọ́ kò yẹ ní jíjù nù nítorí gíláàsì kan.

1. Yíyọ èyí tó fọ́. Kí àwọn ọmọdé kọ́kọ́ jìnnà. Ká wọ bàtà, ká fi aṣọ tó nípọn di ọwọ́. Òkè ni ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́, kí èyí tó kù má baà já lé wa lọ́wọ́. Ká fi páálí wé e kí a tó kó o dànù.

2. Ojú igi. Ká ha pọ́tì àtijọ́ kúrò, ká yọ ìṣó rẹ̀. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, eruku òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà, ká fi omi rin ín kí a tó ha á, ká má sì fi iná jó o. Bí igi bá gbẹ, ká kùn ún lọ́dà fẹ́ẹ́rẹ́, kí ó má baà fa òróró inú pọ́tì mu.

3. Ìwọ̀n. Ká wọn òkè, ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́, ká mú èyí tó kéré jù, ká sì yọ mìlímítà 3 kúrò. Igi a máa súnkì nígbà ọyẹ́, a sì máa wú nígbà òjò. Gíláàsì tó bá há gádígádí kò ní àyè; ọjọ́ tí igi bá yí díẹ̀ ni yóò sán.

4. Fífi sí i. Ká po pọ́tì títí yóò fi rọ̀, ká tẹ́ díẹ̀ sójú igi. Etí gíláàsì ni ká tẹ̀, kì í ṣe àárín. Ká kan ìṣó kéékèèké, ká fi pọ́tì bò ó ní dídagun kí omi lè ṣàn dànù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, tí ojú rẹ̀ bá ti le, ká kùn ún lọ́dà, kí ọ̀dà náà kan gíláàsì díẹ̀.

Lákòótán, ká rí i pé fèrèsé ní ìkọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ Ṣakí lè rọ ọ́. Láìsí ìkọ́, ẹ̀fúùfù tó fọ́ ti àná ni yóò fọ́ ti ọ̀la.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
(a) Èé ṣe tí gíláàsì fi gbọ́dọ̀ kéré díẹ̀ sí àyè rẹ̀?
(b) Fèrèsé wo nílé wa ni kò ní ìkọ́?