Ẹ̀KỌ́ ÈDÈ GẸ̀Ẹ́SÌ: BÍ A TI Ń FI OHUN KAN WÉ ÒMÍRÀN

Bí ọ̀dọ́ kan ní Ẹgàn bá kọ ìwé wá iṣẹ́ lọ sí Ìkẹjà, tí ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun "more better" ju ti àwọn yòókù lọ, ìwé náà ti tú u fó kí ẹnikẹ́ni tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé kò ní ọgbọ́n; èdè abínibí rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. A ní ilé yìí tóbi ju tọ̀hún lọ. A sì tún ní òun ni ó tóbi jù lọ. Gẹ̀ẹ́sì ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀.

Bí ohun bá jẹ́ méjì, ọ̀rọ̀ kúkúrú a gba "er" ní ìdí: "Igando is nearer to Egan than Ikeja is." Ọ̀rọ̀ gígùn a gba "more" níwájú: "This cloth is more expensive than that one." A kì í lo méjèèjì pọ̀. "Better" ti ní "jù" nínú, kò sì wá "more" mọ́.

Bí ohun bá ju méjì lọ, "the" àti "est", tàbí "the most", ni à ń lò. "Lagos State is smaller than Ogun State": ìpínlẹ̀ méjì nìyẹn. "Lagos State is the smallest state in Nigeria": gbogbo ìpínlẹ̀ 36 nìyẹn.

Bí ohun méjì bá dọ́gba, Yorùbá a ní Adé ga bí Òjó. "Bí" kan ni èyí, ṣùgbọ́n "as" méjì ni Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́: "Ade is as tall as Ojo."

Àwọn àfiwé kan wà tí a kò gbọdọ̀ túmọ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀. Yorùbá a ní aṣọ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Gẹ̀ẹ́sì a ní "as white as snow", nítorí òjò dídì ni ojú wọn mọ̀. Irú èyí, odindi ni kí a kọ́ ọ sórí.

Ní alẹ́ òní, kí olúkúlùkù mú ohun mẹ́ta nínú ilé rẹ̀, kí ó sì fi wọ́n wé ara wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.