DVD wà nínú láptọ́ọ̀pù, láptọ́ọ̀pù kò rí i: níbo ni ọ̀nà ti já?

Ẹ fi DVD Windows tàbí ti Ubuntu sínú láptọ́ọ̀pù, ẹ tàn án, ẹ gbọ́ tó ń yí nínú, àmọ́ nǹkan kan ò yọjú. Láptọ́ọ̀pù kàn padà sídìí Windows tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, tàbí kó kọ "No bootable device" sójú. Ibẹ̀ lẹnì kan á ti sọ pé bọ́ọ̀dù ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá mọ Ṣàgámù Interchange á tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Èkó, tó bá ń lọ tààrà, Ìbàdàn ló ń lọ. Tó bá yà níbẹ̀, ó lè gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde àti Ọ̀rẹ̀ títí dé Benin. Bí kò bá mọ ọ̀nà, pátákó ẹ̀bá títì ni yóò wò. Bí kò bá rí pátákó, tààrà ni yóò máa lọ. Bí kọ̀ǹpútà náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Kó tó lọ sórí hard disk, ó máa ń wò bóyá pátákó wà lórí DVD.

Pátákó yìí ní ojúkò tirẹ̀. Phoenix àti IBM ló kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ní 1995, wọ́n pè é ní El Torito. (Wọ́n ní orúkọ ilé oúnjẹ kan ní Amẹ́ríkà ni. Ebi ti ní láti máa pa wọ́n lọ́jọ́ náà.) Wọ́n pín inú CD sí ìpín kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba báìtì 2,048, láti òdo ni wọ́n sì ti ń kà wọ́n. Ìpín 17 ni kọ̀ǹpútà ń lọ wò. Tó bá rí "EL TORITO SPECIFICATION" níbẹ̀, ó ti mọ ibi tó kàn. Tí kò bá rí i, á ṣe bí ẹni pé fíìmù lásán ló wà lórí ẹ̀, á kọjá lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà nítòsí Interchange pè mí lóṣù tó kọjá. "Àbúrò, ẹni tó ń tún un ṣe ní bọ́ọ̀dù ti lọ o. ₦40,000 ló ń bèèrè." Ọ̀sẹ̀ kan gbáko rèé, wọn ò tíì tẹ ìwé kankan fún oníbàárà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi DVD yẹn sínú kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí i, kí lẹ rí?" Wọ́n ní fáìlì kan ṣoṣo ni, ".iso" ló sì parí sí.

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Fáìlì ISO jẹ́ ẹ̀dà odindi DVD, láti ìpín òdo títí dé òpin. Tí ẹ bá kàn dà á sórí DVD bí ẹ ṣe ń da orin, ṣe lẹ ká pátákó sínú búùtù ọkọ̀. Pátákó wà lóòótọ́, àmọ́ kò sí lẹ́bàá títì. Lórí Windows, ẹ tẹ fáìlì náà pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì, kí ẹ mú "Burn disc image". Tó bá dáa, fódà àti fáìlì rẹpẹtẹ lẹ máa rí nígbà tí ẹ bá ṣí DVD náà. Ẹ̀gbọ́n ra DVD òfìfo mìíràn, ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n fi pè mí pé ó ti jí.

Nígbà kan, kò sẹ́ni tó ń kó sí irú èyí. Títí di 2011 ni Canonical fi ń fi CD Ubuntu ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ayé, ShipIt ni wọ́n ń pe ètò náà. Ó ti wà létò kó tó dé ọwọ́ èèyàn. Àwa tí à ń fi dátà wa wá a fúnra wa la nílò ìmọ̀ yìí.

Tí fódà bá pọ̀ lórí ẹ̀ tí kò sì jí, ẹ gbé DVD kan náà lọ sínú kọ̀ǹpútà mìíràn. Nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jí níbẹ̀, DVD kò lẹ́bi. Ẹ tẹ F12 lórí Dell àti Lenovo, tàbí F9 lórí HP, bí ẹ bá ṣe ń tàn án, kí ẹ fọwọ́ ara yín mú DVD. Tó bá kọ "Press any key", ẹ tètè tẹ nǹkan kan, nítorí kì í dúró pẹ́. DVD Windows 7 onílàjì 32-bit kò ní pátákó tí UEFI lè kà rárá, bẹ́ẹ̀ UEFI nìkan ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun mọ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Tí kò bá jí níbì kankan, ó lè jẹ́ pé DVD ti ha, tàbí kí ISO má wọlé tán. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì, àti SHA256. Àmì 64 ló máa jáde. Ẹ fi wé èyí tó wà lójú ìwé tí ẹ ti gbé e. Tí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ẹ tún un gbé.

Ubuntu 24.04 ju 5GB lọ, DVD 4.7GB ò sì lè gbà á. Ẹ lo fláàṣì 8GB pẹ̀lú Rufus. Ẹ má kàn fà á jù sórí fláàṣì o, ọ̀rọ̀ búùtù kan náà ni.