Nígbà tí Ọkọ̀ Kò Bá Gba Ojú Irin Mọ́

Bí a bá hú irin kúrò ní ojú irin, kí ni a óò máa pe ohun tí ó ṣẹ́kù? Ìbéèrè yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè nìkan. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ti gbé àwọn ènìyàn dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ. Ẹni tí ó pè é ní ọ̀nà ń fẹ́ kí ó ṣí sílẹ̀. Ẹni tí ó pè é ní ilẹ̀ bàbá òun ń fẹ́ gbà á padà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo èyí tí ó yọrí sí rere. Láàrin Elroy àti Sparta, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ihò mẹ́ta ni wọ́n gbẹ́ la òkè já ní nǹkan bí 1873 kí ọkọ̀ ojú irin lè kọjá. Èyí tí ó gùn jù tó ẹsẹ̀ bàtà 3,810. Omi ń kán nínú rẹ̀ títí di òní, òkùnkùn ibẹ̀ sì ń fẹ́ àtùpà. Láyé ọkọ̀, ilẹ̀kùn ńláńlá wà ní ẹnu ihò náà. Nígbà òtútù, òṣìṣẹ́ kan a máa tì í kí omi má baà dì nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, a tún ṣí i. (Ẹ wo irú iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi jẹun!) Ní 1964, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ pa ọ̀nà náà tì. Ìjọba ìpínlẹ̀ rà á ní 1965, wọ́n da òkúta tí a lọ̀ wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n sì ṣí i ní 1967 fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́: nǹkan bí máìlì 32.

Ọkọ̀ ojú irin kò lè gun òkè tí ó ga ṣánṣán. Nítorí náà ni àwọn tí ó la ọ̀nà fi gé òkè, tí wọ́n sì kún àfonífojì. Arúgbó àti ọmọdé ni wọ́n wá ń jẹ èrè làálàá náà.

Ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kò ra ilẹ̀. Ẹ̀tọ́ àtikọjá nìkan ni ó ní. Bí ẹnì kan bá sì gba tirẹ̀ padà láàrin, ọ̀nà já. Ní 1983, àwọn aṣòfin gbà pé a lè fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pamọ́ nítorí ọkọ̀ ọjọ́ iwájú, kí àwọn ènìyàn máa rìn ín ná. Ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i ní 1990, ṣùgbọ́n ó ní onílẹ̀ lè béèrè owó gbà-má-bínú. Ní 2014, ó dá Marvin Brandt láre, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ wà láàrin igbó ọba Medicine Bow ní Wyoming: nígbà tí ọkọ̀ kò gba ibẹ̀ mọ́, ẹ̀tọ́ àtikọjá ti tán.

Àwọn kan bínú sí ìdájọ́ yìí. Èmi kò bínú. Ta ni nínú wa tí yóò gbà pé ilẹ̀ tí bàbá òun yáni ti di ti ẹni tí ó yá a? Kí ìjọba tí ó bá fẹ́ ọ̀nà san owó rẹ̀, bí ti Wisconsin.

Ní ti orúkọ, "ipa irin" ni mo dábàá: irin ti lọ, ipa rẹ̀ kù. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó mú un wá.