Bí A Bá Ń Sunkún, À Á Máa Ríran

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Kristẹni kì í dífá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà fún un nínú òwe yìí. Babaláwo inú òwe kò dúró kí wàhálà kanlẹ̀kùn. Ó ní ọjọ́ tó dá, kì í sì í yẹ ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ìgbà tí nǹkan bá dojú rú nìkan la máa ń rántí ìkúnlẹ̀. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ti fò sókè. Ajínigbé ń dá èèyàn lọ́nà, ọmọ tó kàwé gboyè ń wáṣẹ́ kiri. Irú àkókò yìí ni ìgbàgbọ́ máa ń mì.

Kì í ṣe orí wa ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1821, àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú Òṣogùn, wọ́n kó ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí, tòun ti ìyá àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Wọ́n tú ẹbí náà ká, wọ́n sì ń ta Àjàyí láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dénú ọkọ̀ ẹrú. Ní 1822, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ Sàró. Ibẹ̀ ló ti gba Jésù, tí wọ́n sì ṣèrìbọmi fún un ní 1825, tó fi di Samuel Àjàyí Crowther. Ọdún 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ tó tún fojú kan ara wọn l'Ábẹ́òkúta. Kó tó dìgbà náà, ó ti di olùkọ́, wọ́n sì ti fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843. Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀ l'Ékòó, ó sì jó àwọn ìwé tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá jọ sí. Kò torí ẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó fi di 1884, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti túmọ̀ odindi Bíbélì sí èdè wa.

Ohun tí Àjàyí ṣe nìyẹn: bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Òwe yìí kò ní ká má sunkún. Ó ní kí ẹkún má fọ́ wa lójú.

Kí ni ká wá ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ dá àkókò fún àdúrà, ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Kò dìgbà tó bá gùn. Bí kò bá síná, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, kí ọmọ kan ka Sáàmù, kí ẹ wá dárúkọ ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn gan-an: owó ilé ìwé, owó ilé, ara bàbá tí kò yá. Nínú Sáàmù 13, onísáàmù ráhùn sí Ọlọ́run, ó béèrè bí yóò ti pẹ́ tó, síbẹ̀ kò kẹ̀yìn sí I. Ìráhùn níwájú Ọlọ́run kì í ṣe àìgbàgbọ́.

Èkejì, igi kan kì í dágbó ṣe. Má sá fún ìjọ nítorí pé aṣọ ti gbó tàbí pé kò sówó ọrẹ. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹni tí ẹ kò bá rí fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wá a lọ sílé.

Ẹ̀kẹta, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ má wàásù sùúrù fún opó tí ìkòkò rẹ̀ ṣófo. Ẹ gbé gàrí kóńgò kan dání lọ, lẹ́yìn náà kí ẹ gbàdúrà. Nínú ìwé rẹ̀ nínú Bíbélì, Jákọ́bù bá àwọn tó ń fẹnu lásán kí ẹni tí ebi ń pa wí gidigidi.

Ẹ̀kẹrin, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wòlíì tó bá ní kí o sanwó kí ìṣòro rẹ tó yanjú, sá fún un. Èyí tó bá ní kí o da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù, má gbọ́ tirẹ̀. Lílo oògùn kò ba ìgbàgbọ́ jẹ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ má dúró dìgbà tí nǹkan bá rọ̀. Lálẹ́ òní, ẹ pe ará ilé yín jọ fún àdúrà. Ẹni tó bá ń dá gbé, kó pe ará ìjọ kan lórí fóònù kí wọ́n jọ gbàdúrà. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ìgbàgbọ́ wa yẹ̀.